Àwọn Ọmọ tó ń Pín Ọ̀rọ̀ Rédíò Gbọ́

Ọdún mọ́kànlá ni Victoire Òkunọlá fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó mú un kúrò ní kíláàsì. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohùn rẹ̀ ló dà á. Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún ní àsìkò ọyẹ́ kan, nígbà tí ara rẹ̀ sì yá tán, ohùn tó ṣẹ́kù fún un kò lè dé ìlà kejì nínú kíláàsì mọ́. Ọ̀gá Gbádébọ̀, olórí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ nílùú náà, mọ̀ ọ́n láti kékeré, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan náà ni ìdílé àwọn méjèèjì ń lọ. Ó ní kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́.

"Iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe láìlóhùn, Ọ̀gá?" ni Victoire bi í.

"Iṣẹ́ ojú àti etí," ni Gbádébọ̀ dá a lóhùn.

Ọdún 1975 nìyẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àwọn ológun ti gbàjọba, ọ̀rọ̀ Révolution, ìyẹn ìyípadà ìjọba wọn, sì ti wọ gbogbo ilé. Bí o bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, wọn kì í kí ọ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ á ní "Èhùzú!", pé nǹkan ti yí padà, ìwọ náà á sì dáhùn pé "Dandan!" Orúkọ orílẹ̀-èdè alára yí padà lọ́dún náà, Dahomey di Bénin. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbé ọkọ́ lọ sílé ìwé pẹ̀lú kàyé ìkọ̀wé wọn, torí pé iléèwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáko. Àárín ìyípadà yìí ni rédíò dé.

Márùn-ún ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti Kútọnu, fún iléèwé márùn-ún ní Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Rédíò ńlá ni, òkúta bátìrì mẹ́fà-mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ kan á máa ti Kútọnu fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta fún ogún ìṣẹ́jú. Gbádébọ̀ pe Victoire, ó ní kó fi odidi ọdún kan ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ṣé kí n máa wò ó bóyá àwọn rédíò náà ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Ta ni kò mọ̀ pé rédíò ń ṣiṣẹ́? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń ṣiṣẹ́ nínú orí ọmọ."

Inú Victoire dùn sí ìbéèrè yẹn. Láti ìgbà tí ohùn rẹ̀ ti lọ, kò tíì sí ẹni tó bi í ní ohun tó yẹ kó ronú lé lórí. Ó wá iléèwé márùn-ún mìíràn tí kò ní rédíò, tó jọ àwọn tó ní in bí ìbejì: ti ìgboro fún ti ìgboro, ti abúlé fún ti abúlé. Ó ṣe ìdánwò olójú ewé kan, tí àwọn ọmọ á fi gbọ́ ìtàn kékeré kan ní Faransé, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè lé e lórí, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò díẹ̀. Lóṣù Kẹwàá, kó tó di pé wọ́n tan rédíò kankan, ó gbé ìdánwò náà fún iléèwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Méje nínú ogún ni wọ́n ń gbà níbi gbogbo. Ó kó àwọn ìwé náà sínú àpótí onírin, ó tì í pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró.

Lóṣù Kọkànlá, ó gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, yí ká àwọn iléèwé tó ní rédíò. Níbi tó jìnnà jù, ìyẹn Kpovidji, abúlé kan lẹ́yìn Avrankou, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Honorine ni olùkọ́ kíláàsì kẹta. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Victoire jókòó sẹ́yìn. Rédíò sọ̀rọ̀ títí, kò sí ọmọ kan tó gbin. Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú. Nígbà tó parí, Honorine bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́. Ọmọ kan bi í nítumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó fèsì kíákíá, Victoire sì mọ̀ pé irọ́ ni èsì náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó dágbére, ó lọ. Nínú gbogbo iléèwé márààrún, èyí ló burú jù lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mìíràn gbà á ní bùró iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, kò tún lè jáde mọ́ títí di ìparí ọdún ẹ̀kọ́.

Nígbà tí oṣù Kẹfà dé, ó fi ìdánwò kan náà ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n fún àwọn ọmọ ṣe. Àwọn olùkọ́ ló kó ìwé ìdáhùn wá fún un ní Àjàṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi máàkì wọn, lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí i. Àwọn tí kò ní rédíò kúrò lórí méje, wọ́n bọ́ sí mẹ́sàn-án. Àwọn tó ní rédíò náà, ní iléèwé mẹ́rin, kúrò lórí méje, wọ́n bọ́ sí mẹ́sàn-án. Àfi Kpovidji. Kpovidji kúrò lórí méje, ó dórí mẹ́rìnlá.

Ó tún máàkì wọn. Mẹ́rìnlá náà ni.

Gbádébọ̀ wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Tí a bá pa márààrún pọ̀, ó di mẹ́wàá. Mẹ́wàá ju mẹ́sàn-án lọ. Rédíò borí!"

"Ọ̀gá, rédíò kọ́ ló borí. Kpovidji ló borí."

"Ṣé kì í ṣe rédíò ló wà ní Kpovidji ni?"

Victoire gba ìwé rẹ̀ padà. Ó rántí àwọn ọmọ tó ń wo rédíò bí àlejò. Ó rántí irọ́ tí olùkọ́ wọn pa. Nígbà tó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó kọ ọ́ sétí ìwé pé: *Ó jọ pé olùkọ́ Kpovidji ti fi ìdánwò han àwọn ọmọ ṣáájú.* Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ jẹun.

Kámárádì Hilaire ló rí i. Òun ni ìgbìmọ̀ Révolution yàn sí bùró wọn, ọkùnrin tó mú iṣẹ́ rẹ̀ ní pàtàkì tí kì í sì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n tó máa ń yára. Kí Victoire tó ti ibi oúnjẹ dé, Hilaire ti kọ lẹ́tà. Wọ́n á pe Honorine wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ̀bi, yóò kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Kámárádì, mo kọ ọ́ pé ó jọ bẹ́ẹ̀ ni," ni Victoire wí. "N kò sọ pé ó dájú."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ìdánwò. Ẹ̀yin lẹ máàkì ẹ̀. Tí ó bá jọ bẹ́ẹ̀ lójú yín, lójú ta ni kò ní jọ bẹ́ẹ̀?"

Victoire tètè kúrò ní bùró lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ajé ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ó ti wà lójú ọ̀nà Avrankou lórí mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ó dé Kpovidji kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Kò wọlé. Ó gbé mobilẹ́ẹ̀tì sábẹ́ igi máńgòrò, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí wọn kò ti lè rí i. Àwọn ọmọ jókòó ní ìlà mẹ́rin. Rédíò wà lórí tábìlì, Honorine ò tíì tan án. Èdè Ègùn ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, Victoire sì gbọ́ Ègùn dáadáa, bí gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́.

"Ìlà kìíní, kí lẹ máa mú?"

"Orúkọ nǹkan!"

"Ìlà kejì?"

"Ohun tí wọ́n ṣe!"

"Ìlà kẹta?"

"Iye!"

"Ìlà kẹrin?"

"Ọ̀rọ̀ tí a ò mọ̀!" Ìlà kẹrin ló pariwo jù.

Honorine tan rédíò. Victoire ti jókòó nínú kíláàsì tó pọ̀ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí. Àwọn ọmọ na ọrùn. Wọ́n dijú. Ọmọbìnrin kan ń ka ìka rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, Honorine pa rédíò, ariwo sì sọ. Ìlà kìíní ní àwọn gbọ́ ọkọ̀ ojú omi, apẹja àti ẹja. Ìlà kejì ní apẹja náà ju àwọ̀n, ó fà á, ìyàwó rẹ̀ sì yan ẹja. Ìlà kẹta ní ẹja méjìdínlógójì, ó sì ta ogún. Wọ́n ń tò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, lédè Ègùn ná, lẹ́yìn náà lédè Faransé, bí obìnrin tó ń to aṣọ àlẹ̀pọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì í sọ, ẹlòmíràn á ní òun kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìlà kẹrin wá gbé ọ̀rọ̀ tiwọn kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ni, *claie*, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni Honorine wí. "Níbo ni rédíò ti lò ó?"

"Ó ní ẹja wà lórí ẹ̀," ni ọmọ kan wí.

"Ó ní iná wà nísàlẹ̀ ẹ̀," ni òmíràn wí.

Ọmọbìnrin tó ń ka ìka dìde fùú. "Ẹja lókè, iná nísàlẹ̀! Àtẹ tí ìyá mi fi ń yan ẹja ni!"

Gbogbo kíláàsì hó. Honorine mú ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó wá ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé ìwé náà sókè kí wọ́n lè rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Victoire lẹ́nu fèrèsé.

Ó ní kí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré. Àwọn obìnrin méjèèjì kù nínú kíláàsì.

"Ẹ káàbọ̀, Tàntí. N kò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ nǹkan tí mo rí yìí?"

Honorine jókòó sórí àga ọmọ kan. "Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ wá lóṣù Kọkànlá. Ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ kàn ń kọ̀wé. Ọmọ kan bi mí nítumọ̀ ọ̀rọ̀, mo sì purọ́ fún un nítorí pé ẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ lọ tán, mo sunkún. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, rédíò tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ dáadáa. Mo ní, 'Ẹ̀yin ọmọ, èmi náà ò gbọ́ ọ.' Wọ́n kọ́kọ́ wò mí. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀kan ní òun gbọ́ ìparí ẹ̀. A pa á pọ̀, a rí i. Láti ọjọ́ náà la ti ń pín in gbọ́. Ẹnì kan ò lè dá ọ̀rọ̀ rédíò gbé. Ó yára jù."

Victoire kò lè wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ fún un lọ́jọ́bọ̀. Ó sọ ohun tó kọ sétí ìwé. Ó sọ nípa lẹ́tà Hilaire.

Honorine pa ìwé atúmọ̀ èdè náà dé. Ariwo eré àwọn ọmọ ń wọlé láti ìta.

"Ẹ rò pé mo fi ìdánwò hàn wọ́n."

"Mo kọ ọ́ pé ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ bi mí?"

"N kò bi ọ́. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, n kò sì ṣe é. Má bínú, Honorine."

"Inú ń bí mi, Tàntí."

"Ó tọ́ kí inú bí ọ." Victoire ṣí báàgì rẹ̀. "Mo kọ ìdánwò mìíràn lálẹ́ àná. Kò sẹ́ni tó tíì rí i, àní Ọ̀gá Gbádébọ̀ pàápàá. Tí o bá gbà, kí n fún wọn ṣe báyìí, kó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni mo máa gbé lọ síwájú wọn."

Honorine dìde. "Ẹ fún wọn ṣe. Èmi á lọ sóko, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣẹ́jú sí wọn." Ó mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ ro ẹ̀gẹ́ iléèwé nínú oòrùn náà, kò sì wẹ̀yìn.

Victoire pe àwọn ọmọ wọlé, ó sì ka ìtàn inú ìdánwò tuntun náà fún wọn. Pẹ̀lú ohùn kékeré rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti fi oṣù méje dẹ etí sí rédíò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un kà. Kálukú kọ ìdáhùn tirẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti máàkì wọn kó tó kúrò níbẹ̀. Mẹ́tàlá àtààbọ̀ ni. Ó fi í han Honorine lóko. Honorine nu òógùn ojú rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ìlà kejì lè ṣe jù báyìí lọ." Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sin Victoire dé ìdí mobilẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́bọ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án ló jókòó nínú yàrá ìpàdé ní Àjàṣẹ́. Honorine jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Hilaire ka ẹ̀sùn. Victoire ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Nítorí pé ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo wọn ní láti sún mọ́ ọn, ẹni tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ sì dáwọ́ dúró.

"Èmi ni mo ṣàṣìṣe," ló wí. "Mo rí iye tí n kò retí, mo sì fura sí ènìyàn dípò kí n lọ wò ó." Ó gbé ìdánwò kejì kalẹ̀. Ó sọ ohun tó rí lójú fèrèsé, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó le jù. "Ní iléèwé mẹ́rin yòókù, rédíò kò fi nǹkan kan kún ohun tí àwọn ọmọ mọ̀. Àwọn tó ní in àti àwọn tí kò ní in, ọgbọọgba ni wọ́n."

Hilaire fọwọ́ lu tábìlì. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé rédíò tí Révolution fún àwọn ọmọ kò wúlò?"

"Rárá, kámárádì. Mo ń sọ pé a gbé rédíò fún àwọn olùkọ́, a kò sì sọ fún wọn ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí wọ́n bá pa á. Augustin, olùkọ́ kan níhìn-ín nígboro, máa ń tan án ni, á sì jáde lọ tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. Mo fojú mi rí i. Kò burú lójú rẹ̀. Ó rò pé rédíò ló ń kọ́ wọn. Ẹ̀bi tiwa ni."

Victoire mọ̀ pé ọ̀gá òun fẹ́ràn àlàáfíà, ó sì rò pé kò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n Gbádébọ̀ dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Èmi ni mo rán an níṣẹ́ yìí," ló wí. "Mo ní kó wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ nínú orí ọmọ. Ohun tó rí ló sọ. Èmi ni mo fẹ́ kí a pè é ní mẹ́wàá, òun ló kọ̀."

Hilaire wo Gbádébọ̀, ó wo Victoire, ó wá wo ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì," ló wí níkẹyìn. "Èmi fúnra mi á lọ gbọ́ ọ."

Ó lọ lóòótọ́. Honorine kò fún un ní àga àlejò. Ó ní kó jókòó sí ìlà kẹta, ìlà àwọn tó ń mú iye. Kámárádì Hilaire tẹ ara rẹ̀ mọ́ bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí rédíò parí, Honorine bi í pé, "Iye mélòó lẹ mú, kámárádì?"

"Méjì."

Ọmọ tó jókòó tì í wò ó tàánú-tàánú. "Márùn-ún ni," ló wí. "Ẹ má ṣèyọnu. Èmi náà ò mú ju méjì lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀."

Hilaire rẹ́rìn-ín títí tí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ló fa lẹ́tà rẹ̀ ya, ó sì ń sọ ìtàn náà káàkiri Àjàṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Lóṣù Kẹjọ, wọ́n pe àwọn olùkọ́ yòókù wá sí Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, Honorine ló sì kọ́ wọn. Augustin, tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó bí Honorine, kùn lọ́jọ́ kìíní pé ọmọdé kò lè kọ́ òun níṣẹ́ tóun fi tọ́mọ. Lọ́jọ́ kejì, Honorine fi í sí ìlà kẹrin. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí kò mọ̀ ló mú jáde, ó sì fi yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Victoire fi ọdún kejì ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ń lọ síbi iṣẹ́ wọn lóṣooṣù. Nígbà tí oṣù Kẹfà tún dé, iléèwé Augustin bọ́ sí méjìlá. Méjì mìíràn bọ́ sí mọ́kànlá. Kpovidji dúró lórí mẹ́rìnlá. Ìkarùn-ún kò kúrò lórí mẹ́sàn-án, nítorí pé láti oṣù Kìíní ni òkúta rédíò wọn ti tán tí òmíràn kò dé. Victoire kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, ó kọ ti òkúta náà sójú ìwé kìíní, Gbádébọ̀ sì fọwọ́ sí i láìyọ ọ̀rọ̀ kan.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gba ìsinmi, Honorine wá sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ máńgòrò. Kò tíì wá sílé Victoire rí. Ìyá Victoire gbé àga síta fún un lábẹ́ òrùlé, ibi tí èèyàn ti lè rí ọ̀sà, ó bu àkàsà àti ẹja yíyan fún un, ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.

"Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu, Tàntí," ni Honorine wí nígbà tó jẹun tán. "Ìlà kẹrin ń gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n ń wá, ó sì jọ pé òun ló ń là wọ́n lójú. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá ti jókòó síbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ibẹ̀ ló ń wà títí ọdún fi parí."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ àbí ó dájú?"

Honorine bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí Victoire gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. "Mi ò mọ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀?"

Victoire ti mobilẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí àyè lè wà, ó gbé tábìlì kékeré kan síta. "Tí o bá ń yí wọn padà lóṣooṣù ńkọ́?" ló wí. "Kí gbogbo ọmọ jókòó sí ìlà kẹrin kí ọdún tó parí, kí a sì dán wọn wò kí wọ́n tó dé ibẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò." Honorine fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ní kíláàsì kẹta lọ́kọ̀ọ̀kan.